Àmì Òkú Nínú Kọ́là Alààyè

                                        Yàrá òkè ilé ìfọṣọ,
                                        Òpópónà Ẹ̀yìn Ibùdókọ̀.
                                        Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹfà.

Adúmáadán, ọ̀rẹ́ mi bí iyekan,

Báwo ni ara rẹ? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Èyí àbíkẹ́yìn tó ń fi eyín tuntun gé gbogbo èèyàn jẹ, ṣé ó ti mọ̀ báyìí pé èèyàn kì í ṣe búrẹ́dì? Ìyá wa ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bínú pé n kò wá kí wọn? Bá mi bẹ̀ wọ́n, sọ fún wọn pé ẹsẹ̀ ni kò dé, ọkàn dé.

Ní tèmi, mo wà. Kò sí ibi tó ń dùn mí, mo sì ń jẹun. Àmọ́ oorun ti di àlejò lójú mi, òun ló mú kí n jókòó kọ ìwé yìí, dípò kí n máa sọ fún ọ lórí fóònù pé gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa. Mo fẹ́ kí o kà á tán kí o tó bínú sí mi.

O mọ bí iṣẹ́ wa ṣe rí, àmọ́ jẹ́ kí n tún un sọ, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Aṣọ tó bá wọlé, ìdí àmì ló kọ́kọ́ ń lọ. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ló ní àmì tirẹ̀, òwú aláwọ̀ tí a máa ń fi abẹ́rẹ́ rán sínú kọ́là níbi tí kò ti ní hàn síta. Ti ẹlòmíì jẹ́ pupa tó dábùú ara wọn, ti ẹlòmíì jẹ́ dúdú tó dúró gbọọrọ. Lẹ́yìn náà la óò fọ̀ ọ́, Bàbá Onísítáàṣì yóò rì í bọ inú sítáàṣì, wọn óò lọ̀ ọ́, yóò wá dé ọ̀dọ̀ mi. Èmi ni mò ń wo àmì, tí mò ń ká aṣọ, tí mò ń fi bébà dì í, tí mo sì ń mọ ilé tó ń lọ. N kì í ka orúkọ ẹnikẹ́ni. Ojú mi mọ gbogbo àmì yẹn bí o ṣe mọ ohùn àwọn ọmọ rẹ nínú òkùnkùn. Ìwọ náà lo kúkú sọ mí ní Àwòdì nígbà tá a jọ ń kọ́ṣẹ́, mo sì ti ń fi orúkọ yẹn yangàn láti ìgbà náà.

Ìyá ọ̀gá wa, Màmá Àgbà, ni wọ́n dá ilé ìfọṣọ yìí sílẹ̀, báàfù kan àti ọwọ́ wọn méjèèjì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn náà ni wọ́n fi òfin kan lélẹ̀ tí ẹnì kankan kò rú rí: bí oníbàárà bá kú, àmì rẹ̀ kú nìyẹn. A ò gbọdọ̀ fún ẹlòmíì. Màmá máa ń sọ pé aṣọ òkú ṣeé jogún, àmì rẹ̀ ò ṣeé jogún. A máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ní báyìí ogbó ti dé sí wọn, inú ilé tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń gbé, ọ̀dọ̀ ọmọ wọn, wọn kì í sì í yọjú sí wa mọ́.

Lọ́jọ́ kan báyìí, mo ṣí kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì kan, mo rí òwú aláwọ̀ ewé tó dábùú ara wọn, ẹyọ búlúù kan láàárín. Orí mi wú. Àmì tíṣà àgbà nìyẹn, ẹni tí èmi fúnra mi di kóòtù tí wọ́n fi sin wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ṣẹ́ẹ̀tì náà kì í ṣe ti tíṣà. Ti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì ni, mo mọ̀ ọ́n nítorí bọ́tìnnì rẹ̀ kan tó yàtọ̀ sí ìyókù. Mo tú òwú náà, mo pa ẹnu mọ́. Kò pẹ́, mo tún rí àmì nọ́ọ̀sì kan tó ti sùn. Lẹ́yìn náà, ti awakọ̀ kan tí jàǹbá ọkọ̀ mú lọ. Àwọn kan nínú wọn, mo rí wọn ní àkókò. Àwọn kan, n kò rí wọn, aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣìlé. Ọmọ báǹkì wọ ṣòkòtò oníṣòkòtò lọ síbi iṣẹ́, ó ní ṣe ni òun ń fi ọwọ́ kan gbá a mú ní ìbàdí, tí òun ń fi ọwọ́ kejì dá àwọn èèyàn lóhùn. Mo rẹ́rìn-ín lójú ẹ̀ kí n tó rántí pé èmi ni ẹ̀bi ń bọ̀ wá bá, torí ọwọ́ mi ni aṣọ ti ń jáde.

Bàbá Onísítáàṣì ní àwọn ò fọwọ́ kan aṣọ tí òkú bá rán wá fọ̀. Èmi ò gba òkú gbọ́ tó bẹ́ẹ̀. Òkú kò ní nǹkan kan lòdì sí mi. Alààyè ló ń wá bó ṣe máa gba tábìlì mi. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani, mo sì mọ ẹni tó ń rán àmì. Adákẹ́ ni, obìnrin tó wà nídìí àmì. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tó ti wà lọ́dọ̀ wa, ìdí aṣọ dídì ló sì wà níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó gbé e sídìí àmì níbí. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ò ju "ẹ káàárọ̀" àti "ó dàárọ̀" lọ. Ní àsìkò ìsinmi ọ̀sán kan, mo padà wọlé láti mú agboòrùn mi, mo bá a tó tẹ orí bo kọ́là kan, bíléèdì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe rí mi, ó ju bíléèdì náà sápò. Mo bi í pé kí ló ń ṣe. Ó ní òwú kan ló yọ.

Mo ní ọwọ́ bà á nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, n kò fún un ní àlàáfíà. Mo gbé àga rẹ̀ tó ní tìmùtìmù fún Bàbá Onísítáàṣì, mo gbé aláìlẹ́yìn fún un. Bó bá kí mi, mo máa dá a lóhùn bí ẹni tí eyín ń dùn. Kò sọ nǹkan kan, ìyẹn náà tún ń bí mi nínú. Mo ní ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, á jà.

Kò pẹ́ tí eyín wá ń dùn mí lóòótọ́, mo lọ sílé ìwòsàn, Bàbá Onísítáàṣì bá mi di aṣọ lọ́jọ́ náà. Wọ́n rí àmì tíṣà nínú kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì kan. Adúmáadán, ó ti pẹ́ tí Bàbá ti ń gbé aṣọ lọ sí ilé yẹn débi pé ẹsẹ̀ wọn mọ ọ̀nà ju orí wọn lọ. Wọ́n dì í, wọ́n gbé e dání bí wọ́n ṣe ń lọ sílé, wọ́n kan ilẹ̀kùn, wọ́n sì nà án sí ìyàwó tíṣà. Ìgbà tí obìnrin náà gbà á, tí wọ́n wò ó, ni Bàbá tó rántí pé tíṣà ti kú. Bàbá ní àwọn ò mọ bí àwọn ṣe délé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, opó náà wá. Wọn ò pariwo. Ì bá sàn kí wọ́n pariwo. Wọ́n gbé ṣẹ́ẹ̀tì náà lé tábìlì mi, wọ́n fi ọwọ́ tẹ́ kọ́là rẹ̀, wọ́n ní kí n bá àwọn wò ó, ṣé ti ọkọ àwọn ni. Mo ní rárá o, àṣìṣe ni, kí wọ́n má bínú. Wọ́n mirí. Wọ́n ní àwọn mọ̀, ó kéré sí wọn. Wọ́n wá rọra wò mí lójú.

"Àmọ́ ṣé òmíràn ṣì wà?"

Ọ̀gá wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó pe èmi àti Adákẹ́. Ó ní, "Àǹtí, àmì wà lọ́wọ́ Adákẹ́, dídì wà lọ́wọ́ yín. Kí ọjọ́ Jímọ̀ tó parí, mo fẹ́ mọ ẹni tó ń ṣe é. Bí n kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa fi ibí sílẹ̀." Ọ̀gá kì í ṣe ẹlẹ́nu lásán, o mọ̀ ọ́n. Mo wo ara mi. Ta ló máa gba irú mi síṣẹ́ ní ọjọ́ orí yìí? Yàrá tí mò ń sùn gan-an, orí ṣọ́ọ̀bù ló wà. Adákẹ́ náà sì ní ọmọ méjì tí kò sí ẹlòmíì tó ń bọ́ wọn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo ṣe bí ẹni tó ń jáde lọ jẹun, mo gba ẹ̀gbẹ́ padà wọlé, mo lúgọ sẹ́yìn àwọn aṣọ bẹ́ẹ̀dì òtẹ́ẹ̀lì tí a sá sórí okùn nínú ilé. Wọn ò tíì gbẹ. Ọ̀kan lẹ̀ mọ́ mi lójú, bí ẹnì kan bá wọlé nígbà yẹn, èmi gan-an ni ì bá pè lókùú. Adákẹ́ jókòó. Kò mú bíléèdì. Ó ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ó ń gún wọn mọ́ ara tìmùtìmù kékeré kan lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọ̀ kan tẹ̀ lé àwọ̀ kan. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí. Màmá Àgbà wọlé pẹ̀lú sálúbàtà, wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ tọ ògiri bọ̀.

Adákẹ́ dìde, ó mú wọn jókòó. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ṣé aṣọ tíṣà ti wọlé?" Adákẹ́ ní ó ti wọlé, Màmá. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọkùnrin yẹn, bí kọ́là rẹ̀ ò bá le, kò ní lọ kọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni lónìí." Wọ́n mú ṣẹ́ẹ̀tì tó wà lókè, ẹni yòówù kó ni ín, wọ́n sì ń rán an. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n lára ògiri kò gbọ̀n mọ́. Wọ́n béèrè nọ́ọ̀sì, wọ́n béèrè awakọ̀, wọ́n ń rán wọn bí wọ́n ṣe ń béèrè wọn. Nígbà tó tó wọn, wọ́n dìde, wọ́n kí gbogbo àga tó ṣófo ní ẹ kú iṣẹ́. Wọ́n kí tábìlì tèmi náà. Wọ́n dúró díẹ̀ kí ẹni tó wà níbẹ̀ dáhùn, wọ́n sì mirí bí ẹni tí wọ́n dá lóhùn. Adúmáadán, èmi kọ́ ni wọ́n kí. N kò mọ ẹni tó dá wọn lóhùn.

Bí wọ́n ṣe jáde, Adákẹ́ yọ bíléèdì, ó ń tú àmì kíákíá, torí àsìkò ìsinmi ti ń lọ sópin. Àwọn tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá kàn ni èmi máa ń rí lórí tábìlì mi. Mo jáde síta láti ẹ̀yìn aṣọ. Kò ta gìrì, ó kàn gbé bíléèdì sílẹ̀.

"Àǹtí, ẹ ti rí i."

Mo ní mo ti rí i. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ látọjọ́ yìí, tó jẹ́ kí n máa fi ojú ọ̀tá wò ó. Ó ní nígbà tí áyọ́ọ̀nù jó Màmá lọ́wọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù, ọ̀gá búra pé bí wọ́n bá tún fi ẹsẹ̀ kan ibí, òun máa ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yẹn pa. Ó ní àwọn ọjọ́ kan wà tí Màmá kì í mọ ọmọ tí wọ́n bí mọ́, àmọ́ bí wọ́n bá ti mú abẹ́rẹ́, wọ́n máa ń padà mọ ara wọn. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n má sọ.

"Ọjọ́ Jímọ̀ ń bọ̀," ni mo wí.

"Èmi lè rí iṣẹ́ mìíràn, Àǹtí. Màmá ò lè rí ṣọ́ọ̀bù mìíràn."

Mo ní, "Èmi ńkọ́?" Ó tẹ orí ba. N kò mọ̀ bóyá kò rò ó dé ọ̀dọ̀ mi ni, àbí ó rò ó, tó sì ń retí pé èmi náà á ṣe bíi tirẹ̀. Ojú tì mí pé n kò lè ṣe bíi tirẹ̀. Ó tún bí mi nínú pé ó jẹ́ kí ojú tì mí.

Nígbà tí ọjọ́ Jímọ̀ náà pé, mo sọ fún ọ̀gá. N kò fi bò, n kò fi kún un. Ó jókòó sórí àga aláìlẹ́yìn tí mo gbé fún Adákẹ́. Ó bi mí pé ṣé wọ́n ṣì mọ abẹ́rẹ́ dì mú. Mo ní wọ́n mọ̀ ọ́n dì mú ju gbogbo wa lọ. Ó fi ọwọ́ bo ojú. Mo rò ó lọ́kàn pé bóyá ọkàn rẹ̀ á rọ̀, bóyá á ní kí a kó àkísà sí wọn níwájú, kí wọ́n máa rán an. Ó yẹ kí n sọ ọ́ lẹ́nu. N kò sọ ọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, káfíńtà dé, àgádágodo sì bọ́ sẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ọ̀gá ní nítorí áyọ́ọ̀nù ni, nítorí àwọn oníbàárà ni, nítorí opó yẹn ni. Òótọ́ ló sọ. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ìdí nìyẹn tí n kò fi rí ẹni tí mo lè bínú sí.

Adákẹ́ wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, èmi náà wà lẹ́nu tèmi. Láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan báyìí, gbogbo àmì pé. Ọmọ báǹkì ń wọ ṣòkòtò tirẹ̀. Bàbá Onísítáàṣì ní mo ṣeun, wọ́n ní òtítọ́ kì í sìnà. Àmọ́ bó bá ti di àsìkò ìsinmi, ilẹ̀kùn yẹn á máa dún. Kì í ṣe ìró ìbínú. Bí àlejò ṣe máa ń kanlẹ̀kùn ilé tí kò dé rí ni. Bàbá máa ń yí rédíò sókè. Adákẹ́ máa ń gbé àga rẹ̀ lọ síbẹ̀, á fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, á máa jẹ búrẹ́dì rẹ̀ níbẹ̀ láìsọ nǹkan kan, ìró náà á sì dáwọ́ dúró. Kì í wo apá ọ̀dọ̀ mi. Ó ń kí mi, ó ń dúpẹ́ bí mo bá ṣe é lóore, kò sì wo apá ọ̀dọ̀ mi. Bí mo bá wá gòkè sí yàrá mi, mo máa ń gbọ́ ìró yẹn nínú omi tó ń kán sínú báàfù, mo máa ń gbọ́ ọ nígbà tí ẹni tó wà lódìkejì bá ń to abọ́. Mo ti dìde lọ ṣí ilẹ̀kùn yàrá mi rí. Kò sẹ́nì kankan.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ. Bá mi kí Ìyá wa, kí o sì fún àbíkẹ́yìn ní ohun líle kan tó lè máa gé jẹ. Kí àwọn tá a jọ kọ́ṣẹ́, èyí tó bá ṣì rántí mi nínú wọn. Ibí yìí ni mo fẹ́ parí sí, kí n sì jẹ́ kí o rò pé ilẹ̀kùn nìkan ló ń dún létí mi. Àmọ́ n kò tíì sọ ti àná fún ọ.

Lánàá, ọmọ Adákẹ́ kan ń ṣàìsàn, kò wá. Bàbá jáde lọ ra nǹkan. Èmi nìkan ló kù nígbà tí ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í dún, kò sì sí ẹni tó máa fẹ̀yìn tì í. Mo fara dà á títí. Nígbà tó yá, mo gbé àga, mo lọ dúró síbẹ̀.

Màmá béèrè pé ta nìyẹn. Mo ní èmi ni, Màmá, ọmọ iṣẹ́ yín. Wọ́n ní iṣẹ́ ti pọ̀ nílẹ̀, àwọn ò sì lè wọlé, ẹnì kan ti ti ilẹ̀kùn. Wọ́n bi mí pé ta ló tì í.

Mo ní, "N kò mọ̀, Màmá."

Wọ́n wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń tu ọmọ nínú.

"Ó dáa, má sunkún. Jókòó tì mí níbẹ̀ yẹn, ká jọ máa dúró de onítọ̀hún."

Mo gbọ́ tí wọ́n rọra jókòó sílẹ̀ lódìkejì. Èmi náà jókòó.

Èmi ṣì ni tìrẹ, bí o bá ṣì fẹ́ mi lẹ́yìn tí o ti kà á tán,

Àwòdì.